Kí ni ìtumọ̀ #TBT tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fọ́tò àtijọ́, ta ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Aláṣọ Lágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ni mo gbé wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Ìbàdàn gbé fọ́tò màmá wa sórí Facebook. Mi ò rí fọ́tò náà rí láyé mi. Wọn ò tíì bí ẹnì kankan nínú wa nígbà tí wọ́n yà á. Obìnrin mẹ́rin ló dúró lẹ́bàá títì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, ìró àti bùbá, gbogbo wọn gbé ìpèlé lé èjìká. Màmá wa ló wà ní apá òsì pátápátá, wọ́n fi ọwọ́ kan mú pọ́ọ̀sì. Mo ní oníbàárà níwájú mi nígbà tí mo rí i lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní àyè díẹ̀, torí ojú mi ti kún fún omi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ lára mi. Ilé wa wà lára àwọn ilé tó jóná nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Àpótí tí màmá wa kó fọ́tò sí bá iná lọ. Àwọn fúnra wọn ti lọ báyìí. Fọ́tò wọn tó kù lọ́wọ́ mi, ti ọjọ́ ogbó ni, èyí tí a tẹ̀ sára ìwé ìsìnkú. Ọ̀dọ̀ àbúrò wọn tó wà ní Òkè-Àdó ni àbúrò mi ti rí eléyìí, nínú álíbọ́ọ̀mù kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣí mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò mi kọ sábẹ́ rẹ̀ ò ju #TBT lọ. Kò sí orúkọ, kò sí ọdún, kò sí ibi tí wọ́n ti yà á. Àwọn èèyàn ń kọ "ẹwà rèé o", wọ́n ń kọ "TBT tó gbayì", wọ́n sì ń kọjá lọ. Mo bi ọmọ mi, ó ní fọ́tò àtijọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò tó mi. Kí ni lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún? Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ṣé dandan ni kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀? Kí sì ni àmì # tó wà níwájú rẹ̀ ń ṣe, èyí tí àwa ọlọ́jà fi ń kọ owó náírà?

Mo fẹ́ gbé fọ́tò náà sójú ewé tèmi náà. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ìyá mi.

Ọmọ OAU

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere.

Throwback Thursday ni. Throwback ni ohun àtijọ́ tí èèyàn tún gbé jáde, Thursday sì ni Ọjọ́bọ̀. Inú throwback ni T àti B ti wá, T ìkẹyìn sì jẹ́ ti Thursday. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ náà mọ́, wọ́n á kọ ọ́ ní ọjọ́ tó bá wù wọ́n. Ti ọjọ́ Ẹtì náà wà, FBF, ìyẹn Flashback Friday, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ní ti àmì #, tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ láìfi àlàfo sí i, ọ̀rọ̀ yẹn á di ohun tí èèyàn lè tẹ̀, á sì gbé yín lọ síbi tí gbogbo àwọn tó kọ irú rẹ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń pè ní hashtag nìyẹn. Ti owó tí ẹ ń kọ yàtọ̀. ₦ ni àmì náírà, àmọ́ kò sí lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ni gbogbo wa fi yá # lò. Tí ẹ bá kọ #5000 sára léèsì lórí Twitter (X ni wọ́n ń pè é báyìí), kò ní di hashtag, torí wọn ò ka nọ́ńbà lásán sí i.

Ẹ má sì bẹ̀rù pé hashtag á gbé màmá lọ fún gbogbo ayé. Lórí Facebook, tí ẹ bá ti yàn án pé àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan ni kó rí i, àwọn nìkan náà ló máa rí i, ẹ̀ báà kọ #TBT sí i.

Ọmọ Ayàwòrán (Ẹ̀nuwà, Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ fọ́tò ni bàbá mi ṣe nílùú yìí títí ojú fi ń dùn wọ́n, èmi náà ló sì ń bọ́ mi dòní, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ OAU ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá, torí ìtàn méjì ló pàdé lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀.

Ti ọ̀rọ̀ náà ló kọ́kọ́ wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń pe ẹ̀wù àti bàtà eré ìdárayá ayé àtijọ́ ní throwback kí ọ̀rọ̀ Facebook tó délẹ̀ rárá. Ní 2006, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matt Halfhill, ẹni tó ni ojú ewé Nice Kicks lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bàtà àtijọ́ jáde ní Ọjọ́bọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Ó pe ètò náà ní Throwback Thursday. Kò sí nǹkan mìíràn nínú Ọjọ́bọ̀ ju pé lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Ẹ rí i pé bàtà ni, kì í ṣe fọ́tò ìyá ẹnikẹ́ni.

Ti àmì # ló tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 2007, Chris Messina, òun náà ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí Twitter, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá ó dáa kí wọ́n máa fi # kó ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan jọ síbì kan. #barcamp ló fi ṣe àpẹẹrẹ, orúkọ ìpàdé àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ni Twitter kò kọ́kọ́ kà á sí nǹkan. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún náà, iná ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jó igbó àti ilé ní agbègbè San Diego ní Kalifóníà, àwọn èèyàn sì ń kọ #sandiegofire kí oníkálukú lè mọ ibi tí iná dé. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ti là sí ìwúlò rẹ̀. Ọdún 2009 ni Twitter tó wá sọ ọ́ di ohun tí a ń tẹ̀ tó ń ṣí. Messina ò fi òfin dè é mọ́ ara rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún aráyé.

Orí Instagram ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Oṣù Kẹwàá 2010 ni Instagram bẹ̀rẹ̀, oṣù Kìíní 2011 ni wọ́n fi hashtag kún un. Ní oṣù Kejì ọdún náà ni ẹnì kan gbé fọ́tò ọkọ̀ kéékèèké tí ọmọdé fi ń ṣeré sí i, ó kọ throwbackthursday mọ́ àmì #. Òun ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ lórí Instagram. Láti 2012 làwọn gbajúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò ìgbà èwe wọn sí i, ìgbà yẹn ló tàn kálẹ̀. Facebook tí àbúrò yín lò kò ní hashtag tirẹ̀ títí di oṣù Kẹfà 2013. Lórí Instagram nìkan báyìí, ohun tí wọ́n kọ #tbt sí ti lé ní 500 mílíọ̀nù.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ohun burúkú nínú rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ sábẹ́ màmá láìbẹ̀rù. Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ti rí: wọn ò kọ orúkọ, wọn ò kọ ọdún, wọn ò kọ ibi.

Nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́, fọ́tò kan ò gbọ́dọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdúgbò àti ìlú. Wọ́n á wá fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà fíìmù sí i. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó ni ín wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà mìíràn lẹ́yìn ọdún pípẹ́ lè mú ti ọwọ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n sì rí fíìmù rẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n ń lò nígbà náà, fọ́tò 12 péré ló ń yà lórí fíìmù kan. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò á wẹ̀, á múra, á jókòó kí ojú rẹ̀ tó kojú kámẹ́rà gan-an, á tẹ́ aṣọ rẹ̀ kó hàn, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ayàwòrán á yọ́jú wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, á tún etí gèlè ṣe. Ẹni tó ṣe gbogbo wàhálà yẹn fẹ́ ká mọ òun.

Ẹ wo ti ìbejì. Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ìyá wọn lè gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Ayàwòrán á ya ọmọ kan ṣoṣo yẹn, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Tó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á. Ère ìbejì ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, fọ́tò wá ń bá a ṣe é. Wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ dáadáa ní Ìlá-Ọ̀ràngún láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ẹ wá wò ó pé ọmọ ọmọ kan rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú àpótí lónìí, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ #TBT, ó jókòó. Gbogbo ayé á máa kọ "ìbejì tó rẹwà". Kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ kan ló wà níbẹ̀, pé ìyá kan ló ń tu ọkàn ara rẹ̀ nínú.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọdún ni pé irọ́ ti ń wọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, mo rí fọ́tò kan tí wọ́n kọ "University of Ife, Ilé-Ifẹ̀, 1964" sí, pẹ̀lú #TBT, ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ọgbà fásitì níbí sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró tì. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ni fásitì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹwàá 1962, oṣù Kìíní 1967 ni wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀. Wọn ò sì pè é ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ títí di 1987. Àwọn èèyàn ti pín in káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ibòmíràn sì wà tó ṣì ń jẹ́ 1964 títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ní kí wọ́n yí fọ́tò màmá padà ní Òkè-Àdó, kí wọ́n wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún wo inú rẹ̀ dáadáa: ṣé pátákó kankan wà níbẹ̀? Ṣé owó wà lára rẹ̀? Ṣé ọkọ̀ ń kọjá ní títì? Etí fọ́tò náà, ṣé ó tẹ́jú ni àbí wọ́n gé e wíńdiwíńdi?

Òṣómàáló (Iléṣà)

Ẹ kúuṣẹ́ o, mo kí yín láti Iléṣà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ayàwòrán dára, mo kà á fún ìyàwó mi.

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un lórí ìdí tí wọ́n fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú báyìí. Láti ìgbà tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001 la ti mọ̀ ọ́n: àtẹ̀jíṣẹ́ kan ò gbà ju lẹ́tà 160 lọ, owó sì ni. Twitter tiẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ, 140 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, oṣù Kọkànlá 2017 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 280. Ẹni tó bá kọ throwbackthursday ní kíkún ti ná 18 pẹ̀lú àmì #. #TBT ná mẹ́rin. Àwọn ọmọ wa tó kọ #EndSARS ní 2020, lẹ́tà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ibẹ̀ náà jẹ́ ìkékúrú, Special Anti-Robbery Squad, mo sì mọ àwọn tó kígbe rẹ̀ ní títì láìmọ ohun tó dúró fún. Kò dín ohun tó ń dun wọ́n kù.

Ibi tí èmi àti Ọmọ Ayàwòrán kò ti jọ rìn ni pé ó dà bí ẹni pé ó ń sọ pé kéèyàn mọ orúkọ àti ọdún kó tó gbé fọ́tò síta. Tá a bá dúró de ìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n á kú tán. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tá a jọ kàwé, ẹnì kan gbé fọ́tò kíláàsì wa jáde láìmọ ju orúkọ ènìyàn márùn-ún lọ níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn láti Kánò, láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Ìpetu ti kọ orúkọ tó kù sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e jáde, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere pé ẹ ń béèrè. Kí ẹ má ṣáà fi ọdún tí ẹ rò lọ́kàn síbẹ̀ bí ẹni pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú fọ́tò yẹn. Màmá yín jẹ́ ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta tó kù ní ọmọ tiwọn. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó bẹ̀ wá pé ká yọ fọ́tò òun kúrò, torí ìgbésí ayé tó ń gbé nígbà náà kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí i. A yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ṣì wà láàyè nínú wọn, ẹ bi í kí ẹ tó gbé e síta.

Aláṣọ Lágere

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Tíṣà wa ní Iléṣà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ó sì wọ̀ mí létí. Mo ti ní kí àbúrò mi fi tirẹ̀ pamọ́ ná.

Mo pe àǹtí wa ní Òkè-Àdó láàárọ̀, ọmọ wọn sì ya ẹ̀yìn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀ àmọ́ ó ti parẹ́, ohun tí mo lè kà ò ju "IFE" lọ nísàlẹ̀, nọ́ńbà kan sì wà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ. Etí rẹ̀ kò tẹ́jú, wọ́n gé e wíńdiwíńdi bí Ọmọ Ayàwòrán ṣe wí.

Nínú fọ́tò fúnra rẹ̀, pátákó onígbàjámọ̀ ló wà lókè orí wọn. Mo fa fọ́tò náà tóbi lórí fóònù, mo rí 1/6 tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan, bọ́lẹ̀kájà, ń bọ̀ láti ẹ̀yìn wọn, ó dojú kọ ẹni tó ń ya fọ́tò, ó wà ní apá ọ̀tún títì náà. Apá òsì ni ṣọ́ọ̀bù wà. Ní ti aṣọ tí wọ́n wọ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn: àǹkárá ni, olódòdó ńlá, wọ́n sì rán apá bùbá náà ní fífẹ̀. Àǹtí wa ní aṣọ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn kan ni, pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dá a. Wọ́n dárúkọ méjì nínú àwọn tó kù, àwọn méjèèjì ti dolóògbé. Ẹni tó dúró ní apá ọ̀tún pátápátá, wọn ò rántí rẹ̀. Wọ́n ní ó ń tajà ní Odò-Ògbè, pé ó fẹ́ràn ẹ̀rín.

Àǹtí wa ò rántí ọdún rárá. Ẹ bá mi wò ó.

Ọmọ Ayàwòrán

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ kọ yìí pọ̀ ju ohun tí ẹ rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara pátákó. 1/6 ni ṣílè kan àti sísì. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 ni náírà dé, a ò ná ṣílè mọ́ láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé pátákó lè pẹ́ lára ògiri kí wọ́n tó kun òmíràn lé e, nítorí náà pátákó nìkan ò tó.

Bọ́lẹ̀kájà ló yanjú rẹ̀. Apá òsì la ti ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí ìjọba tó yí i sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. Lónìí, tí ẹ bá dúró létí títì Lágere tí ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, apá òsì yín ló máa gbà. Èyí tó wà lẹ́yìn màmá, apá ọ̀tún ló gbà. Àwa ayàwòrán mọ̀ pé fíìmù ṣeé tẹ̀ ní òdì, tí ọ̀tún á di òsì, ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè pátákó. Ẹ kà á, ó kà dáadáa, wọn ò tẹ̀ ẹ́ ní òdì. Ìyẹn ni pé ìgbéyàwó náà ti wáyé kí oṣù Kẹrin 1972 tó dé. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ náà dúró jẹ́ẹ́ ni, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, torí ọkọ̀ tó dúró lè wà níbikíbi. Ẹ wò ó bóyá eruku ń gbé lẹ́yìn táyà rẹ̀.

Etí wíńdiwíńdi náà bá a mu, irú bébà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà ṣáájú àkókò yẹn. Ọdún tó jẹ́ gan-an, ẹ lè sún mọ́ ọn sí i láti ilé: ọdún wo ni màmá ṣègbéyàwó? Tí wọ́n bá ya fọ́tò yìí kí wọ́n tó relé ọkọ, ẹ ti ní ìdí mìíràn láti fi dín in kù.

Mo fara mọ́ Tíṣà pé kéèyàn gbé e jáde kó sì béèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ ohun tá a mọ̀, kí a fi àyè sílẹ̀ fún èyí tá ò mọ̀. "Ṣáájú oṣù Kẹrin 1972" dára ju ọdún kan tí èèyàn mú láti ojú ọ̀run lọ.

Nísinsìnyí, ẹ sọ fún wọn ní Òkè-Àdó pé kí wọ́n má fi ipá yọ fọ́tò yẹn kúrò lára álíbọ́ọ̀mù tí gọ́ọ̀mù bá ti mú apá ibì kan nínú rẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ní ọ̀sán tí oòrùn kò ràn sí i tààrà, kí wọ́n pa iná kámẹ́rà fóònù, kí fóònù wà lókè rẹ̀ gbọọrọ, kí wọ́n yà á. Ẹ̀yìn náà pẹ̀lú, torí nọ́ńbà pẹ́ńsù yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ WhatsApp á fún un pọ̀, ojú màmá ò ní hàn kedere. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò gangan, pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kó lò, kó kọ ọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní etí. Bírò máa ń yọ sí iwájú.

Ní ti òǹtẹ̀ tó parẹ́, ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn náà ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ òǹtẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ bàbá mi, láti Ìrẹ̀mọ títí dé Sábó. Tí mo bá dá a mọ̀, mo máa bá yín wá ọmọ ẹni náà, kí a béèrè bóyá ìwé nọ́ńbà wọn ṣì wà nílé.

Aláṣọ Lágere

Eruku ń gbé lẹ́yìn táyà rẹ̀. Mo ti wò ó, èmi àti ọmọ mi.

Màmá wa ṣègbéyàwó ní 1970, ìyẹn wà lára ìwé ìsìnkú wọn. Àǹtí wa sì dá a lójú pé ọmidan ni wọ́n nínú fọ́tò yìí, torí ilé bàbá wọn ni wọ́n ti jọ múra lọ́jọ́ náà. Mo ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín nínú àpótí (inbox).

Ohun tí mo máa kọ sábẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ nìyí. Orúkọ wọn á wà lórí Facebook, mi ò ní kọ ọ́ síbí:

"Láti apá òsì: màmá wa, àti ọ̀rẹ́ wọn méjì (orúkọ wọn rèé). Ilé-Ifẹ̀, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn, 1970 tàbí ṣáájú rẹ̀. A ò tíì mọ orúkọ ẹni tó dúró ní apá ọ̀tún pátápátá. Ó ń tajà ní Odò-Ògbè nígbà náà. Tó bá jẹ́ ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ̀dà fọ́tò náà wà níbí fún yín, tí ẹ bá sì fẹ́ ká yọ ọ́ kúrò, a máa yọ ọ́. #TBT"

Tíṣà, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀.

Òṣómàáló

Ó dáa gan-an. Ẹ fi "Modákẹ́kẹ́" kún hashtag rẹ̀, kí ẹ sì fi "IléIfẹ̀" náà kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀, láìfi àlàfo tàbí ìlà (-) sí i. Inú #TBT nìkan, fọ́tò yẹn á sọnù láàárín ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ẹni tó ń tajà ní Odò-Ògbè, orúkọ ìlú ni wọ́n máa ń wá.